Silksong: ṣé máàkì àwọn alámèyítọ́ ni ká tẹ̀lé ni, àbí igbe àwọn tó ń gbá a?

Abíọ́lá_ÒkèÀdó (Ìbàdàn)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan kí n tó náwó.

Àbúrò mi tó gbẹ̀yìn, ọmọ ọdún 14, ṣe dáadáa nínú ìdánwò JSS3. Mo ti ṣèlérí fún un pé bó bá yege, màá ra géèmù kan tó bá wù ú fún un. Silksong ló mú, kò sì mú òmíràn mọ́ ọn. Ó gbá Hollow Knight parí lọ́dún tó kọjá lórí laptop mi àtijọ́, ó sì ń ka ọjọ́ de èyí bí ẹni ń ka ọjọ́ Iléyá.

Ìṣòro mi rèé. Mo ka ohun táwọn alámèyítọ́ kọ, ìyìn ni látòkè délẹ̀, máàkì wọn wà láyìíká 90. Mo ní ó parí nìyẹn. Àmọ́ nígbà tí mo wo ojú ìwé rẹ̀ lórí Steam, ìsọ̀ géèmù orí ayélujára, mo rí àwọn tó fowó ara wọn rà á tí wọ́n ń fapá jánú: wọ́n ní ó le jù, wọ́n ní ó ń fi àkókò ẹni ṣòfò, wọ́n ní kódà èèyàn á sanwó kó tó lè jókòó sinmi. Àwọn ará Ṣáínà ní tiwọn, àtàǹpàkò sísàlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fún un. Báwo ni nǹkan kan náà ṣe dùn tó báyìí lẹ́nu àwọn kan, tó tún korò tó báyìí lẹ́nu àwọn mìíràn? Dọ́là 20 ni, bí ẹgbẹ̀rún 30 náírà lọ́wọ́ tiwa níbí. Kì í ṣe owó tí mo lè fi dánra wò. Ọ̀rọ̀ ta ni kí n gbà?

Òǹgbá_Òru

Rà á. Mo ti lo wákàtí 40 nínú rẹ̀, kò sì tíì sú mi. Ẹni tó bá ti gbá àkọ́kọ́ parí, á gbá èyí náà.

Ìyá_Ìbejì_Houston

Abíọ́lá ọmọ mi, rọra ná. Ìbejì mi ọkùnrin ti pé ọmọ ọdún 12, àwọn méjèèjì ló sì gbá Hollow Knight. A ò fi owó lọ́tọ̀ ra Silksong torí ó wà nínú Game Pass tí à ń san lóṣooṣù láti ọjọ́ tó ti jáde. Táíwò fẹ́ràn rẹ̀ débi pé oúnjẹ máa ń tutù níwájú rẹ̀. Kẹ́hìndé ní tiẹ̀ gbé páàdì kalẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, omi wà lójú rẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, kò fẹ́ kí n gbádùn ara mi." Ọmọ inú kan náà ni wọ́n o, inú ilé kan náà, orí tẹlifíṣọ̀n kan náà. Nítorí náà, mi ò fara mọ́ ohun tí Òǹgbá_Òru sọ. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó gbá àkọ́kọ́ parí ni yóò gbádùn èyí.

Ọ̀gá_Páàdì (Sùúrùlérè)

Abíọ́lá, ó dáa tóo béèrè kóo tó sanwó. Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí bí géèmù yìí ṣe dé ọjà wà lára ohun tó dá ariwo sílẹ̀.

Team Cherry ló ṣe é. Èèyàn díẹ̀ ni wọ́n, ìlú Adelaide ní Ọsirélíà ni wọ́n wà. Ọdún 2017 ni Hollow Knight jáde, ó sì ti tà tó mílíọ̀nù 15. Oṣù kejì ọdún 2019 ni wọ́n kéde Silksong. Ní 2022, a rí i níbi ètò Xbox, wọ́n ní kò ní ju ọdún kan lọ mọ́ tí a ó fi máa gbá a. Ọdún yẹn pé, wọ́n sún ọjọ́ síwájú. Ọmọ tó wà ní JSS1 lọ́dún ìkéde yẹn lè ti wọ yunifásítì báyìí. Ó wá di ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 2025, wọ́n ṣàdédé sọ pé ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù, pé ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ni. Àwọn tó fẹ́ gbé géèmù kéékèèké tiwọn jáde láàárín ìgbà yẹn sáré sún ọjọ́ wọn síwájú kí ariwo yìí má bàa bo tiwọn mọ́lẹ̀.

Wọn ò gba owó sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ṣáájú. Nítorí náà, nígbà tí wákàtí pé, gbogbo ayé jọ ya dé ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Steam dákú, ìsọ̀ Nintendo dákú, ti PlayStation náà ò ríbi sá sí. Lọ́jọ́ yẹn, àwọn tó ń gbá a pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lórí Steam lé ní 500,000.

Èyí tó kàn ọ́ jù nìyí: wọn ò fún àwọn alámèyítọ́ ní géèmù náà ṣáájú wa. Bí a ṣe máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ni pé alámèyítọ́ á ti gbá a tán, á ti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ọjà tó ṣí. Lọ́tẹ̀ yìí, ọjọ́ kan náà ni àwa àti wọn jọ bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ló fà á tó fi jẹ́ pé àwọn tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni àwọn tó ṣì wà ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, níbi tí géèmù náà ti ń na èèyàn gan-an tí èèyàn ò sì tíì ní ohun ìjà kan lọ títí. Àwọn tó fún un ní máàkì ńlá, ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ni wọ́n tó kọ̀wé. Wọ́n ti rí bí ilẹ̀ náà ṣe ń ṣí sílẹ̀, wọ́n ti gbọ́ orin tí Christopher Larkin ṣe fún òkè ibẹ̀, ọwọ́ wọn sì ti mọ́ Hornet, kòkòrò tí à ń fi gbá géèmù yìí, lára. Ibi tí olúkálùkù dé nínú géèmù kó tó gbé kálàmù, èmi máa ń wo ìyẹn kí n tó wo máàkì. Lórí Steam, wákàtí tí ẹni tó kọ̀wé ti lò wà lára ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lọ ka àwọn tó ti lò ju wákàtí 20 lọ, kóo tún ka àwọn tí kò tíì lo 5, wàá rí i pé ohun tí wọ́n ń sọ yàtọ̀ síra.

Kọ́lá_Peckham

Ẹ má bínú, màá sọ tèmi ní gbangba. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ké yìí ò fẹ́ kọ́ nǹkan kan. Wọ́n fẹ́ máa gbá Hornet bí wọ́n ṣe ń gbá Knight kékeré ti àkọ́kọ́. Hornet yàtọ̀. Ó yára, ó ń rọ̀ mọ́ etí òkè, ó ń ju abẹ́rẹ́, ó sì ní irinṣẹ́ oríṣiríṣi. Àwa tó bá a jà ní Greenpath nígbà tó ṣì jẹ́ boss, ìyẹn ọ̀tá ńlá, ní Hollow Knight mọ irú ẹni tó jẹ́.

Àwọn ará Ṣáínà náà, líle yìí ló bí wọn nínú. Owó táwọn ará ìlú dá lórí Kickstarter ni wọ́n fi ṣe Silksong, àwọn tó sì dá owó yẹn, géèmù tó le ni wọ́n sanwó fún. Ṣé ẹ máa ní kí onílù dín ìlù rẹ̀ kù torí pé ẹsẹ̀ yín ò lè jó o ni? Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ ọnà dúró bí ẹni tó ṣe é ṣe gbé e kalẹ̀.

Ọ̀gá_Páàdì (Sùúrùlérè)

Kọ́lá, àtúnṣe díẹ̀. Hollow Knight àkọ́kọ́ ni wọ́n dá owó Kickstarter fún, ní 2014. Wọ́n ṣèlérí nígbà náà pé bí owó bá lé dé iye kan, àwọn yóò fi ẹlòmíràn tí èèyàn lè fi gbá a kún un. Hornet ni wọ́n yàn. Iṣẹ́ lórí rẹ̀ ló wá ń pọ̀ sí i títí tó fi di géèmù gidi lọ́tọ̀. Èrè Hollow Knight ni wọ́n fi jẹun ní gbogbo ọdún tí a fi dúró, ìyẹn náà ló sì fún wọn láyè láti ta èyí ní dọ́là 20 nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń gba 70.

Atúmọ̀_Ọ̀rọ̀ (Leeds)

Ti àwọn ará Ṣáínà tí Kọ́lá sọ, kò rí bẹ́ẹ̀ o, ó sì dùn mí nígbà tí mo kà á torí iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo fi ń jẹun.

Àwọn kan nínú wọn ráhùn lóòótọ́ pé ó le, bí gbogbo ayé náà ṣe ráhùn. Àmọ́ ohun tó mú wọn bínú jù ni bí wọ́n ṣe túmọ̀ rẹ̀ sí Ṣáínà. Ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ lo èdè àtijọ́, irú èyí tó wà nínú ìwé ìtàn àwọn ajagun ayé ọjọ́un, ó sì fi sẹ́nu gbogbo kòkòrò tó wà nínú géèmù náà, àtọba àtọmọdé. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ohùn olúkálùkù yàtọ̀. Hornet máa ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ ọba. Sherma, kòkòrò kékeré tó ń kọrin kiri, máa ń sọ̀rọ̀ bí ọmọdé onígbàgbọ́ tí ọkàn rẹ̀ mọ́. Bí o bá wá fi ohùn kan náà sẹ́nu àwọn méjèèjì, o ti pa méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n gbé e wá sílé. Ká ní wọ́n túmọ̀ Silksong sí Yorùbá. Èèyàn ti kú lẹ́ẹ̀mẹwàá, ó pàdé kòkòrò kan lẹ́bàá ọ̀nà, ohun tí kòkòrò náà sì fẹ́ sọ kò ju pé "Má gba ọ̀tún, ewu wà níbẹ̀." Kí ògbufọ̀ wá fi ohùn babaláwo tó ń ki odù gbé e jáde, kó pe ewu ní ajogun, kó pe ọ̀tún ní ìhà ibi tí ojúmọ́ kì í là, kó fi àpólà mẹ́rin tì í lẹ́yìn. Èdè Ifá lẹ́wà, mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo máa ń sunkún nígbà míì tí mo bá ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá ọ̀nà ò ní mọ̀ pé ọ̀tún ni wọ́n ní kóun má gbà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn nìyẹn. Ìtumọ̀ Hollow Knight àkọ́kọ́ ní Ṣáínà sì dáa lójú wọn, ni èyí ṣe dùn wọ́n jù.

Matthew Griffin tó ń bójú tó ìpolówó géèmù náà jáde láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó gbà pé ìṣòro wà níbẹ̀, ó sì ní wọn yóò ṣiṣẹ́ lé e lórí. Ohun mìíràn tó yẹ kí Abíọ́lá mọ̀: oṣù kẹjọ ọdún 2025 ni Steam bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìdájọ́ àwọn tó ra géèmù sọ́tọ̀ sọ́tọ̀ ní èdè kọ̀ọ̀kan. Ká ní ṣáájú ni, ìbínú ìtumọ̀ yìí ì bá dà pọ̀ mọ́ ìdájọ́ gbogbo ayé, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ ibi tó ti wá. Gẹ̀ẹ́sì ni àbúrò rẹ máa fi gbá a. Ẹjọ́ àwọn ará Ṣáínà tọ́, ó kàn jẹ́ pé kò kàn án ni.

Kọ́lá_Peckham

Mo gbà. Mi ò mọ ti ìtumọ̀ yẹn rárá. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ mi ò tíì kúrò lórí ti líle.

Akin_Ìlọrin

Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ̀rọ̀ lórí líle yẹn, torí ó kàn mí lára.

Láti ọdún 2018 tí ọ̀kadà ti gbé mi ṣubú, ìka méjì ní ọwọ́ òsì mi kì í ká dáadáa mọ́. Mo gbá Hollow Knight parí pẹ̀lú ọwọ́ yìí. Oṣù mẹ́jọ ló gbà mí. Kò sí ohun tí mo ṣe lọ́dún yẹn tó dùn mọ́ mi tó o. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé mi ò fẹ́ kọ́ nǹkan.

Ìṣirò rẹ̀ ló yàtọ̀. Ìbòjú márùn-ún ni Hornet fi ń bẹ̀rẹ̀, òun ni ẹ̀mí rẹ̀. Nínú Hollow Knight, ìbòjú kan ni ọ̀pọ̀ ọ̀tá ń gbà lọ́wọ́ ẹni lẹ́ẹ̀kan. Níbí, láti kùtùkùtù lọ̀pọ̀ wọn ti ń gba méjì. Ìyẹn ni pé bí wọ́n bá bà ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta péré, o ti kú. Lóòótọ́, bí òwú rẹ, ìyẹn agbára tí Hornet fi ń wo ara rẹ̀ sàn, bá pé, ìbòjú mẹ́ta lo lè gbà padà lẹ́ẹ̀kan, èyí sì dáa ju ti àtijọ́ lọ. Àmọ́ bí wọ́n bá gbá ọ níbi tóo ti ń fi òwú di ara rẹ láti gba ìbòjú padà, gbogbo òwú yẹn ṣòfò. Ẹni tí ìka rẹ̀ yá lè sá jáde kó tún un ṣe. Èmi ò lè ṣe é.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni gígún ìsàlẹ̀. Knight máa ń fi ìṣó rẹ̀ gún ilẹ̀ tààrà, á sì ta padà sókè. Hornet ní tiẹ̀ ń gún ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Ojú gbọ́dọ̀ wọn ibi tó máa balẹ̀ kí ìka tó tẹ̀ ẹ́. Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́rin gbáko kí n tó gun ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n fi òdòdó pupa tò.

Kò sí ibi tí èèyàn ti lè dín líle rẹ̀ kù nínú géèmù náà. Mo sì ń fẹ́ kó wà. Kì í ṣe pé kí wọ́n tún tiyín ṣe. Kọ́lá, o fi onílù ṣàpèjúwe. Bàbá mi ń lu dùndún kó tó di olóògbé. Onílù tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń wo ẹsẹ̀ ẹni tó ń jó níwájú rẹ̀. Bí arúgbó bá bọ́ síta, ìlù á rọra, bí géńdé bá wọlé, á gbóná. Àwọn méjèèjì jó, onílù ò sì di ọ̀lẹ.

Kọ́lá_Peckham

Ẹ̀gbọ́n Akin, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Mo ṣì rò pé géèmù kan lẹ́tọ̀ọ́ láti le kó má sì yí padà, ṣùgbọ́n mo fa ọ̀rọ̀ tí mo sọ pé ẹni tó ń ké ò fẹ́ kọ́ nǹkan sẹ́yìn. Kò yẹ kí n sọ ọ́.

Òǹgbá_Òru

Ẹ ò kúkú gbọ́ ni? Wọ́n ti ṣe àtúnṣe, wọ́n ti yọ líle yẹn kúrò. Ọ̀rọ̀ ti tán.

Gbénga_Atúnkọ̀ǹpútàṣe (Abẹ́òkúta)

Kò tíì tán o. Àtúnṣe àkọ́kọ́ jáde lóòótọ́ láìpẹ́ lẹ́yìn tí géèmù dé, ṣùgbọ́n ibi díẹ̀ ló kàn. Wọ́n dín agbára boss méjì kù díẹ̀, Moorwing àti Sister Splinter. Wọ́n dín ìyà tí àwọn kòkòrò inú yanrìn ń fi jẹ èèyàn kù. Owó bẹ́ǹṣì kan, ìyẹn ibi tí èèyàn ti ń jókòó sinmi, láàárín eré wálẹ̀ díẹ̀, owó tí wọ́n ń san fún ẹni tó bá jíṣẹ́ ẹrù sì gòkè díẹ̀. Ìbòjú méjì méjì tí Akin sọ ṣì wà níbẹ̀ gbọin-gbọin. Àwọn kan tiẹ̀ bínú pé wọ́n fọwọ́ kàn án rárá.

Abíọ́lá, èyí tó jẹ́ ìmọ̀ràn gidi nìyí. Bóo bá rà á lórí Steam, tóo sì rí i láàárín ọjọ́ 14 pé kò dára fún un, tí kò sì tíì gbá a tó wákàtí méjì, béèrè owó rẹ, wọ́n á dá a padà. Máa fi ojú sí aago. Kí ó jókòó gbá a dáadáa fún wákàtí kan àti ààbọ̀ lójú rẹ, wàá rí ojú rẹ̀.

Ti kọ̀ǹpútà, má ṣe wàhálà. Bíi GB 8 ni ààyè tó fẹ́, laptop tó gbé Hollow Knight lè gbé e bí kò bá ti gbó jù. Lo dátà òru. Bí káàdì báǹkì rẹ ò bá gba dọ́là, ra káàdì ẹ̀bùn Steam lọ́wọ́ ẹni tóo mọ̀. Ẹnì kan ládùúgbò mi ra ti ọ̀nà ẹ̀bùrú, káàdì tí wọ́n ti lò tán ni wọ́n tà fún un.

Dúnní_Àkúrẹ́

Mo ti ń ka gbogbo yín láti àárọ̀. Mo ti gbá a kọjá ìlàjì, inú yàrá tí iná kì í dúró sí ni mo sì ti ń gbá a, torí náà màá sọ ohun tí àwọn alámèyítọ́ tó ń gbá a níbi tí iná kì í ti í lọ ò lè sọ fún Abíọ́lá.

Boss kan wà tí wọ́n ń pè ní Last Judge, ní òkè Blasted Steps. Òun ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà Citadel, ìlú ńlá tí Hornet ń lọ. Bẹ́ǹṣì tó sún mọ́ ọn jìnnà sí i. Bóo bá kú, orí bẹ́ǹṣì yẹn lo máa jí sí, wàá wá tún fò láti òkúta dé òkúta nínú atẹ́gùn, wàá yẹra fún àwọn kòkòrò ẹlẹ́nu ṣóńṣó tó ń fò bọ̀ wá gún ẹ, kóo tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ọwọ́ ẹ bá yá, bí ìṣẹ́jú kan ni. Nígbà ogún, ogún ìṣẹ́jú nìyẹn tóo fi rìn láìjà rárá. Ohun tí wọ́n ń pè ní fífi àkókò ṣòfò nìyẹn, mo sì gbà pé wọn ò purọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé, mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kẹtàdínlógún. Ó ní àwo tùràrí oníná kan tó fi ẹ̀wọ̀n so, òun ló ń jù yíká orí. Mo ti mọ ìró ẹ̀wọ̀n yẹn: bó bá dún lẹ́ẹ̀kan kó tó gbé e sókè, mo ń sá sẹ́yìn, bó bá dún lẹ́ẹ̀mejì, mo ń fò. Ìbòjú kan ló kù fún mi. Mo gún un, mo gún un, ó kúnlẹ̀. Mo pariwo débi pé ìyá mi ké sí mi láti pálọ̀. Bí mo ṣe dúró tì í, tí mò ń yọ̀, ó bú gbàù, iná náà sì bò mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ọmọ náà: bó bá ti kúnlẹ̀, kó sá jìnnà sí i.

Iná tún ti lọ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìjà, bátìrì laptop mi ò sì lágbára. Bó bá ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, orí bẹ́ǹṣì tó jókòó sí kẹ́yìn ló máa bá ara rẹ̀. Nítorí náà kó máa jókòó sí gbogbo bẹ́ǹṣì tó bá rí. Àyàfi èyí tó wà ní Hunter's March! Wọ́n dẹ pàkúté sí abẹ́ ìyẹn. Ó ti rẹ̀ mí, ìbòjú méjì péré ló kù, mo jókòó, nǹkan já lé mi lórí.

Àwọn ọ̀nà tó lè gbà dín líle yẹn kù láìdúró de àtúnṣe:

Kó má wọ Hunter's March ní ìbẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ò pọn dandan, èèrà ajagun ló kún ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó fi ìbínú kọ̀wé ní ọjọ́ kejì, ibẹ̀ ni wọ́n há sí láìmọ̀ pé àwọn lè yí padà.

Bí gígún ìdàgẹ̀rẹ̀ bá ń dà á láàmú, kó wá Crest (ohun tó ń yí bí Hornet ṣe ń jà padà) tí wọ́n ń pè ní Wanderer. Bonegrave ló wà, kò jìnnà sí Bone Bottom tí eré ti bẹ̀rẹ̀. Pẹ̀lú rẹ̀, Hornet á máa gún ilẹ̀ tààrà bíi Knight. Ẹ̀gbọ́n Akin, ẹ̀yin náà ẹ dán an wò, ẹ jọ̀ọ́.

Kó máa lo irinṣẹ́ tó ń jù. Èmi kó wọn pamọ́ títí bí ẹni ń kó aṣọ ẹbí pamọ́, mo sì jìyà lásán.

Ìkẹyìn, Last Judge gan-an, èèyàn lè má bá a jà. Ọ̀nà mìíràn wà gba Sinner's Road, lọ sínú Mist, tó máa gbé èèyàn dé Citadel. Boss wà lọ́nà yẹn náà, àmọ́ ó tẹ́ mi lọ́rùn ju èyí lọ.

Akin_Ìlọrin

Dúnní, mi ò mọ̀ nípa Wanderer yẹn. Mo ń lọ wá a lálẹ́ òní. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ fún mi.

Adéọlá_Cardiff

Ohun kan péré ni mo fẹ́ fi kún un nípa ọ̀rọ̀ ta ni ká gbà gbọ́. Ẹ rántí Tales of Kenzera: ZAU ní 2024, géèmù fífò tí Abubakar Salim ṣe láti fi ṣọ̀fọ̀ bàbá rẹ̀, tó fi ìtàn àwọn Bantu ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Mo gbá a parí. Àléébù wà nínú rẹ̀, ìjà rẹ̀ máa ń jọra, àwọn alámèyítọ́ sì sọ bẹ́ẹ̀ láìfi bò. Àmọ́ ọ̀pọ̀ èébú tí wọ́n bù ú lórí ayélujára kò kan ìjà tàbí fífò rárá. Àwọ̀ àwọn tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń bú, Salim fúnra rẹ̀ sì bọ́ síta sọ ọ́. Ti Silksong yàtọ̀, àwọn tó ń ráhùn níbẹ̀ gbá a. Wọ́n sọ ibi tó ti dùn wọ́n ní pàtó, boss báyìí, bẹ́ǹṣì báyìí. Mo máa ń ka irú ìráhùn bẹ́ẹ̀ dáadáa torí mo lè gbé e lé ọwọ́ ara mi kí n wò ó bóyá yóò dun èmi náà.

Ìyá_Ìbejì_Houston

Mo padà wá. Mo ka ọ̀rọ̀ Dúnní sétígbọ̀ọ́ Kẹ́hìndé nígbà tó ti ilé ìwé dé. Ó ní, "Hunter's March! Ibẹ̀ ni mo wà!" Ọmọ náà ti ń bá èèrà yẹn jà láti ọjọ́ méjì, kò mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà. Táíwò ti mọ̀, kò sọ fún un. Mo ti bá Táíwò sọ̀rọ̀. Wọ́n jọ jókòó síwájú rẹ̀ báyìí, Táíwò ló ń fi ọ̀nà hàn án.

Abíọ́lá_ÒkèÀdó (Ìbàdàn)

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo fẹ́ kí ẹ mọ bó ṣe já sí.

Mo ṣe bí Gbénga ṣe wí. Mo rà á lóru Ọjọ́rú, mo fi aago fóònù mi sí wákàtí kan àti ààbọ̀, mo sì jókòó tì í láìsọ ìdí fún un. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ boss kan tó ń jẹ́ Bell Beast, ó kú lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Mò ń wo ojú rẹ̀ ju ojú kọ̀ǹpútà lọ. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó yọ sílípáàsì, ó ká ẹsẹ̀ sórí àga. Ní ẹ̀ẹ̀keje, ó dákẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu ka ìgbésẹ̀ ẹranko náà: "Ó wọlẹ̀, ó yọ lọ́tùn-ún, ó fò." Kò wò mí lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí aago dún, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa nǹkan yẹn." Mo pa á. Mi ò béèrè owó mi padà.

Lálẹ́ àná, ó ní kí n bi Dúnní ní ìbéèrè kan: bó bá kú tí ìlẹ̀kẹ̀ tó ń ná bá ṣẹ́kù síbi tó kú sí, tó tún wá kú kó tó padà dé ibẹ̀, ṣé wọ́n ti lọ nìyẹn? Ó ní gbogbo èyí tó ti kó jọ láti ọjọ́ méjì ló wà níbẹ̀.

Dúnní_Àkúrẹ́

Wọ́n ti lọ, ẹ bá mi kí i pẹ̀lẹ́. Tó bá tún ti kó díẹ̀ jọ, kó máa wá ẹ̀rọ tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Ó máa yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ èyí tó bá ti sín sójú okùn, ikú ò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kó sín wọn kó tó lọ bá boss èyíkéyìí.